Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ní Ẹ Fẹ́ràn Gbogbo Èèyàn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Erich Mielke

Ọ̀gbẹ́ni Mielke, ọ̀gá Stasi, ọlọ́pàá àṣírí Ìlà-Oòrùn Jámánì nígbà kan rí,

Láti àná ni mo ti ń wá irú kíkí tí mo lè kí yín, mi ò rí. Èdè tiwa kì í fi ìkíni ṣeré. Ẹni tó jókòó ní tiẹ̀, ẹni tó ń rìn ní tiẹ̀, ẹni tí òjò pa ní tiẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun pàápàá ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún 32 dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, tó ń tẹ́tí sí ohun tí tọkọtaya ń bára wọn sọ lórí ibùsùn, àwọn àgbà kò fi kíkí tiẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ máa pè yín ní "ìwọ". Ẹ ti kú láti oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ta ló máa bá mi jà? Àmọ́ 1907 ni wọ́n bí yín, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà ni màá máa pè yín. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọjọ́ orí yín nìkan ni mo ń bọ̀wọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pe èèyàn ti kó bá yín rí ṣá. Ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 1989 ni, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Ògiri Berlin, tó pín ìlú náà sí méjì, ṣí. Ẹ dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlà-Oòrùn Jámánì láti wí tẹnu yín, ẹ sì ń pe gbogbo wọn ní kọ́múréèdì. Aṣòfin kan já lu ọ̀rọ̀ yín, ó ní kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni kọ́múréèdì. Ọ̀rọ̀ náà ká yín lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò: "Mo fẹ́ràn... àní mo fẹ́ràn gbogbo èèyàn, gbogbo wọn..." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e lọ ní tààrà, odindi orílẹ̀-èdè tó máa ń wo ẹ̀yìn kó tó dárúkọ ilé iṣẹ́ yín wá rí yín bí bàbá arúgbó tí ọ̀rọ̀ pin sí lẹ́nu.

Títí dòní ni wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé òótọ́ lẹ sọ, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ fẹ́ràn wọn bí òjòwú ṣe ń fẹ́ràn èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn ní orílẹ̀-èdè yín, ẹ̀yin ni orogún rẹ̀.

Òjòwú a máa yẹ àpò wò. A máa ka lẹ́tà onílẹ́tà. A máa bi èèyàn léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ẹni tó bá níbẹ̀. Kí lẹ ò ṣe nínú rẹ̀? Stasi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1950, tẹ́ ẹ gorí àga rẹ̀ ní 1957, ní òṣìṣẹ́ bíi 91,000 nígbà tó ń kógbá sílé. Ẹ tún wá fi àwọn olófòófó tí kò gba owó oṣù kún un, bíi 180,000: alábàágbé, olùkọ́, dókítà, pásítọ̀. Gbogbo èèyàn tó wà nílùú kò ju mílíọ̀nù 16 lé díẹ̀ lọ. Àwa máa ń sọ pé ògiri létí, àmọ́ àkàwé ni ti wa. Tiyín, ẹ gbé etí sínú ògiri lóòótọ́, ẹ so wáyà mọ́ ọn.

Kí n sọ ti àwọn ìgò yẹn. Ìgò gíláàsì ni, irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú èso sí kó má bàjẹ́, ìdérí rẹ̀ fún dáadáa. Aṣọ pélébé kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pe èèyàn wá fún ìbéèrè, wọ́n á ní kó jókòó, aṣọ náà ti wà lórí àga de ìdí rẹ̀. Tó bá dìde lọ, wọ́n á fi ẹ̀mú mú aṣọ náà, wọ́n á fi í sínú ìgò, wọ́n á dé e, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ìwé tí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ra ògiri lóru láti bú ìjọba, wọ́n á ṣí ìgò fún ajá kó gbóòórùn. Mo ronú sí i títí. Opó ni mo mọ̀ tó máa ń tọ́jú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ láìfọ̀, kí òórùn ọkùnrin náà má tètè tán nínú yàrá. Ẹ̀yin tọ́jú òórùn àwọn tí ẹ kò fẹ́ kó sùn dáadáa.

(Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Akọ̀wé yín ya àwòrán bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ to oúnjẹ àárọ̀ síwájú yín: ibi tí ife máa wà, ibi tí ọ̀bẹ máa wà. Ẹyin méjì, ìṣẹ́jú 4 àbọ̀ lórí iná, kí wọ́n sì ti fi abẹ́rẹ́ gún un lára kó tó wọ omi. Inú ilé iṣẹ́ tó ń kọ aago tí àwọn ẹlòmíràn pa iná yàrá wọn sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú ẹyin yín. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, èmi náà ò fẹ́ ẹyin tó le jù.)

Mo ti bi ara mi léèrè ohun tí ìfẹ́ ṣe yín gan-an. Ìbọn ni ìjọba ń bẹ̀rù, ìwé ìkéde ni, àpéjọ ni. Kí ló kan ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tó di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí bẹ́ǹṣì? Èsì tí mo rí ni pé àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn máa ń ní èdè tí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ọ̀kan máa fún èkejì lórúkọ tí ìyá tó bí i kò sọ ọ́. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Mo máa ń ro ti òṣìṣẹ́ yín nínú ẹ̀ka M, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru omi gbígbóná ṣí lẹ́tà, tó bá pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ẹnì kan kọ sí olólùfẹ́ rẹ̀. Ṣé àṣírí ogun ni àbí àpọ́nlé? Ó ní láti kọ ohun kan sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ń dúró de ìròyìn.

Àwọn olólùfẹ́ sì máa ń ṣe orí kunkun nítorí ìfẹ́, ìyẹn tún burú lójú yín. Òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹjọ 1961, ni ìjọba yín ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún la àárín Berlin kọjá. Ẹni tó sùn sílé ìyá rẹ̀ lápá kan, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sùn lápá kejì, wọ́n jí di ọmọ ayé méjì. Oṣù 28 kọjá kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Berlin wọlé wá kí ìbátan wọn, nígbà Kérésìmesì 1963, fún ọjọ́ díẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 140 ló ti ibi ògiri yẹn dèrò ọ̀run kó tó wó. Àwọn mìíràn kò dúró de ìwé àṣẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1962, èèyàn 29 rá kọjá nínú ihò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ́ gba abẹ́ òpópónà Bernauer. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Eveline Schmidt, tòun tọkọ tọmọ. Nígbà tó yá, ìgbéyàwó yẹn tú, ó sì fẹ́ Joachim Rudolph, ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ ihò náà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aráyé ṣe rí: wọ́n gbà á lọ́wọ́ ògiri yín tán, ó tún ní àǹfààní láti kọ ọkọ, kó fẹ́ ẹlòmíràn, láìsí ẹni tó máa kọ ọ́ sí fáìlì.

Tí mo bá sì fò ti Mòsáńbíìkì, mi ò ṣe ọmọ Áfíríkà. Láti 1979 ni ìjọba yín ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ Mòsáńbíìkì wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń pè é ní ìṣọ̀kan àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, wọ́n ń kọrin sí i. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó wọn sí, olùṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ìjọba méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọ̀kan nínú wọn tó lè fẹ́ ọmọ Jámánì. Èyí tó bá lóyún nínú àwọn obìnrin wọn, kó yàn: kó ṣẹ́ oyún náà tàbí kó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Di 1989 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú òfin yẹn dẹ̀. Ìṣọ̀kan tí kò fẹ́ kí wọ́n bímọ! Ẹ lè ní kì í ṣe ilé iṣẹ́ yín ló ṣòfin náà. Mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ yín ló ní olófòófó láàárín wọn. Nígbà tí ìjọba yín sì wó, tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin náà padà sí Maputo, àwọn ọmọ ṣẹ́ kù sí Jámánì tí kò mọ ojú bàbá wọn. Àwọn kan nínú wọn ti di àgbà báyìí, wọ́n ṣì ń wá a.

Ọ̀rọ̀ kan wà lédè yín tí mo ní kí ẹni tó gbọ́ ọ túmọ̀ fún mi: Zersetzung. Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ewé tó já bọ́ ni, kó máa jẹrà, kó máa tú díẹ̀díẹ̀, títí tí a ò fi ní mọ̀ pé ewé ni tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba nínú ìwé àṣẹ 1/76, tó jáde ní oṣù Kìíní 1976. Ẹ̀wọ̀n ti ń bà yín lórúkọ jẹ́ lójú ayé, ẹ wá ọ̀nà tí kò ní hàn. Ẹni tẹ́ ẹ bá dójú sọ á jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn èèyàn yín á wọlé rẹ̀, wọn ò ní jí nǹkan kan. Wọ́n á kàn sún àwòrán tó wà lára ògiri, wọ́n á yí aago padà. Ó máa dé, ó máa dúró láàárín pálọ̀, á ní ṣé orí òun ṣì pé báyìí. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tí kò ní orúkọ máa dé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, pé wọ́n rí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan.

Fáìlì àwọn Poppe, Gerd àti Ulrike, wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn. Ulrike wà lára àwọn obìnrin tó dìde fún àlàáfíà. Ní oṣù Kejìlá 1983, ẹ gbé òun àti Bärbel Bohley ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ tì wọ́n mọ́ Hohenschönhausen, ẹ̀wọ̀n Stasi ní Berlin, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n kò yí i lọ́kàn padà. Ẹ wá jókòó ti tábìlì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ìgbéyàwó wọn ṣe máa tú, ẹ sì yan ọkùnrin tó máa lọ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: òṣìṣẹ́ ìjọba, nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú òǹtẹ̀, ń ṣètò ẹni tó máa fẹ́ ìyàwó oníyàwó.

Ṣé iṣẹ́ yẹn ti mọ́ yín lára ni? Àwọn tí wọ́n ń pè ní Romeo, àwọn amí ọkùnrin tó ń fi ìfẹ́ kó àṣírí lọ́wọ́ obìnrin, nínú ẹ̀ka Markus Wolf tó ń ṣe amí sí ilẹ̀ òkèèrè, abẹ́ yín ni gbogbo wọn wà. Gabriele Gast, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, wá sí Karl-Marx-Stadt lọ́dọ̀ yín ní 1968, ìwádìí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló bá wá, ó pàdé ọkùnrin kan, èèyàn yín ni. Ó pẹ́ kó tó di pé wọ́n gbá a mú ní 1990, nígbà yẹn ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àṣírí ilé iṣẹ́ amí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fún yín. Ìfẹ́ tẹ́ ẹ kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn ní, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Àmọ́ ti Vera ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Vera Lengsfeld ló ń jẹ́ báyìí. Vera Wollenberger ni nígbà náà. Ọmọ ilé yín ni, òṣìṣẹ́ Stasi ni bàbá rẹ̀. Ó dàgbà, ó bá àwọn tó ń jà fún àlàáfíà àti àyíká rìn, ẹgbẹ́ òṣèlú yín lé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1988, ó gbé pátákó jáde láti lọ síbi ìwọ́de tí ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ní ìrántí Rosa Luxemburg àti Karl Liebknecht, àwọn aṣáájú kọ́múnísìtì ilẹ̀ Jámánì. Ohun tó wà lára pátákó náà ni Abala 27 inú òfin ilẹ̀ yín, pé ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní gbangba. Òfin yín ni o, ìwé yín ni ó dà kọ. Ẹ mú un kó tó débẹ̀. Ẹ jù ú sẹ́wọ̀n, ẹ tún lé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárọ̀ ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1989 ló padà wọlé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ògiri ṣí.

Knud ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ wà láàárín wọn. Nígbà tí àṣírí fáìlì ń tú, Vera bá olófòófó kan pàdé nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Donald". Donald yìí mọ ohun tí ẹni tó ń gbé inú ilé nìkan lè mọ̀. A máa ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Knud ni Donald.

Mo máa ń fojú inú wò ó bó ṣe máa ń rí lálẹ́. Ọmọ ti sùn. Obìnrin náà ti sọ ohun tó bà á lẹ́rù, ó ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la àti àwọn tó fẹ́ bá a ṣe é, ó ti sun oorun rẹ̀ lọ nítorí ó ti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Kí ni ọkùnrin náà ń fi rán ara rẹ̀ létí kó má gbàgbé? Àbí kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ gbàgbé, gbogbo rẹ̀ ló wúlò? Tí ọkọ bá lọ yan àlè, ìyàwó ṣì lè mú ọjọ́ kan lọ́wọ́ kó ní, ṣáájú ọjọ́ yìí, tèmi ni. Vera kò rí ọjọ́ tó lè mú. Knud ti ń ṣiṣẹ́ fún yín kó tó gbé e níyàwó. Gbogbo ẹ̀rín tó bá a rín, ó ní láti tún un yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹ owó tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn náà, ó tọrọ àforíjì, Vera sì forí jì í. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ẹ̀yin kọ́ ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún yín ní 1993, kì í sì í ṣe nítorí Vera, tàbí ìgò, tàbí lẹ́tà kankan. Ọlọ́pàá méjì tẹ́ ẹ pa ní 1931, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, ni wọ́n fi mú yín. Àìsàn ló gbà yín jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Mi ò tún ní sọ nǹkan kan lórí ìyẹn, inú á bí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín níròyìn ilé iṣẹ́ yín. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1990 ni àwọn ará ìlú ya wọ ọgbà yín ní òpópónà Normannen. Wọ́n ti rí báàgì pupa kan ní ọ́fíìsì yín, ẹ̀rí tẹ́ ẹ tọ́jú nípa Honecker, olórí orílẹ̀-èdè yín àti ọ̀gá yín, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé òun náà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ti fa ìwé ya títí ẹ̀rọ fi bàjẹ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ya á, wọ́n dì í sínú àpò bíi 16,000. Láti 1995 ni àwọn èèyàn ti jókòó ti àwọn àpò náà, tí wọ́n ń to ègé mọ́ ègé, wọ́n ń fi téépù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti to èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ojú ìwé. Èyí tí ẹ ò rí àyè ya, tí ẹ bá tò ó sílẹ̀ gbọọrọ, ó gùn tó kìlómítà 111.

Láti oṣù Kìíní 1992 ni ẹnikẹ́ni ti lè lọ béèrè tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ní àwọn ò ní lọ láéláé, wọn ò fẹ́ mọ ẹni tí Donald tiwọn jẹ́, wọ́n fẹ́ máa bá ọ̀rẹ́ wọn jẹun lọ. Mo gbà fún wọn. Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn tó lọ ti kọ ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Wọ́n á jókòó ti tábìlì, òṣìṣẹ́ á gbé fáìlì sílẹ̀, wọ́n á máa ṣí i. Àwọn kan ti bá lẹ́tà níbẹ̀ tí olólùfẹ́ kọ sí wọn, tí kò dé ọwọ́ wọn rí. Gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó kọ ọ́ rò pé wọn ò fèsì ni.

Wọ́n máa ń gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mú lọ sílé.

Èmi ni,
ẹnì kan tí kò sí nínú fáìlì yín.